Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ti kú lórí ẹ̀rọ kan: kí ló ń pa wọ́n?

Ìyá kan tó ń rọ epo pupa sínú ike fún títà nílùú Oǹdó ló kọ̀wé sí mi, wọ́n sì fi fọ́tò mẹ́rin tì í. Mo gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Ẹ̀rọ tí mo fi ń rọ epo, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, ti ń dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀pá tó ń ti epo á lọ, kò ní padà. Lọ́jọ́ míì kò tiẹ̀ ní lọ rárá. Àárọ̀ ló burú jù. Oníṣẹ́ wa ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ iwájú, èyí tó ń sọ pé ọ̀pá ti dé òpin, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló ń kú. Ó wá ní PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, ló bàjẹ́, kí n lọ ra tuntun. Ẹlòmíì ní kí n yọ sẹ́ńsọ̀ onímágínẹ́ẹ̀tì kúrò, kí n lo swíìṣì onítáyà bíi ti àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Owó ti ń tán lọ́wọ́ mi. Èwo ni kí n ṣe?"

Ìyá wa, ẹ kú wàhálà, ẹ sì kú ìnáwó. Ọ̀rọ̀ yín ju ìbéèrè kan lọ. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń dá ọ̀pá dúró, ẹ fẹ́ mọ ìdí tí sẹ́ńsọ̀ tuntun kì í fi í pẹ́, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí ẹ náwó lé. Wọ́n ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fún yín bíi pé ọ̀kan náà ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo owó tó ti jáde kò fi yanjú nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kan àpò yín: ẹ má tíì ra PLC. Fọ́tò kẹta tí ẹ fi ránṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a láre pátápátá, màá ṣàlàyé bó ṣe jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ́ńsọ̀ tó ń kú yìí, torí ọ̀pọ̀ ló ń lò ó tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Píṣítìnì tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sílíńdà yín ní mágínẹ́ẹ̀tì kan lára tó yí i po. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n dè mọ́ ara sílíńdà lóde kò fara kan ohunkóhun. Ìgò tín-ínrín kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n dí i pa kí afẹ́fẹ́ òde má ráyè wọlé, irin pẹlẹbẹ méjì sì wà nínú ìgò náà tí orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá dé ọ̀kánkán, irin méjèèjì á fà mọ́ra, iná á kọjá. Bó bá lọ, wọ́n á yà. Kò sí nǹkan míì níbẹ̀ ju iná pupa kékeré tó ń sọ fún wa pé ó ti rí nǹkan. Walter Ellwood ló dá irú swíìṣì yìí sílẹ̀ ní 1936 ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, fún iṣẹ́ tẹlifóònù. Iná tí ń gbé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ni iná tó kéré. Bí iná tó ń gbà á kọjá bá kéré, tí ìgò rẹ̀ kò sì fọ́, ó lè ṣí kó sì pa dé lọ́nà mílíọ̀nù kó má ṣe nǹkan kan. Sẹ́ńsọ̀ tó bá kú láàárín oṣù díẹ̀ nìyẹn, nǹkan ló pa á.

Ohun tó ń pa á wà nínú fọ́tò kẹta. Ẹ wo apá òsì pánẹ́ẹ̀lì yín, níbi tí àwọn rílèè kéékèèké, ìyẹn swíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá, tò sí. Ìdí rílèè kan ṣófo: ihò rẹ̀ wà níbẹ̀, rílèè fúnra rẹ̀ kò sí. Wáyà búlúù tó ti ara sẹ́ńsọ̀ iwájú bọ̀ kò wọ PLC mọ́, kò sì wọ rílèè kankan. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìdí tó ṣófo yẹn lọ tààrà sí kọ́ìlì fáàfù, èyí tó ń dá ọ̀pá padà. Fáàfù ni ẹnu ọ̀nà tó ń darí afẹ́fẹ́, kọ́ìlì sì ni wáyà tí wọ́n wé, tó ń di mágínẹ́ẹ̀tì bí iná bá wọ̀ ọ́, tó ń yí fáàfù. Èrò mi ni pé nígbà kan rílèè yẹn jóná, kò sí òmíràn nítòsí, iṣẹ́ sì ń kánjú, ni wọ́n bá fi wáyà bò ó kọjá kí ẹ̀rọ lè máa lọ. Ó sì lọ lóòótọ́. Àtìgbà náà ni sẹ́ńsọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹni tí wọ́n rán pé kó lọ jẹ́ iṣẹ́ lẹ́nu ni wọ́n tún gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé lórí.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Wọ́n kọ 24 fólítì, 4.8 wáàtì, sára kọ́ìlì yín. Tí a bá fi 24 pín 4.8, iná tí kọ́ìlì náà ń fà jẹ́ 0.2 áńpíà (A), ìyẹn 200 mA. Nínú fọ́tò kejì, wọ́n kọ 100 mA sára sẹ́ńsọ̀ gẹ́gẹ́ bí òpin ohun tó lè gbé. Ẹrù rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì kí a tó sọ èyí tó burú jù. Kọ́ìlì kì í jẹ́ kí iná inú rẹ̀ dúró lójijì. Bí irin méjèèjì inú sẹ́ńsọ̀ bá fẹ́ yà, agbára tó wà nínú kọ́ìlì á wá ọ̀nà jáde ní tipátipá, fólítì á fò sókè dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún fún ìṣẹ́jú àáyá tín-ín-tín, iná á sì ta wàì láàárín orí irin méjèèjì. Ìtapàrà yẹn ló ń jó orí irin náà jẹ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ike epo tí ẹ bá rọ sì ni ó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tó bá yá, irin méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra bí ìgbà tí wẹ́dà bá jó wọn pọ̀, tàbí kí orí wọn jẹ tán débi tí iná kò fi ní kọjá mọ́.

Àmì kan wà tí oníṣẹ́ yín ti lè rí láìmọ ohun tó túmọ̀ sí. Tí sẹ́ńsọ̀ bá lẹ̀, iná pupa rẹ̀ á máa tàn nígbà tí ọ̀pá wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí kò yẹ kó ti rí ohunkóhun. Tí ẹ bá fi ìdí súkúdíráfà kàn án kó, iná náà á kú, ẹ̀rọ á sì tún máa lọ fún wákàtí díẹ̀. Àwọn tó bá rí i máa ń rò pé wáyà ló tú níbì kan, wọ́n á wá máa fa wáyà kiri. Wáyà kọ́: irin tó lẹ̀ ni ẹ gbọ̀n yà.

Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìdí tí ẹ̀rọ yín fi ń ṣe oríṣi méjì. Bí orí irin bá jẹ tán, ọ̀pá á lọ dé iwájú, sẹ́ńsọ̀ kò ní lè ránṣẹ́, kò ní padà. Bí wọ́n bá lẹ̀, kọ́ìlì ìpadà á máa gba iná títí láé. Fáàfù yín sì jẹ́ oníkọ́ìlì méjì, ọ̀kan ń ti irin kékeré tó ń sún nínú rẹ̀ síhìn-ín, èkejì ń tì í sọ́hùn-ún. Irú fáàfù bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dì í mú ló ni ín: bí kọ́ìlì ìpadà kò bá jọ̀wọ́ rẹ̀, kọ́ìlì ìlọ kò lè yí i. Ọ̀pá kò ní lọ rárá nìyẹn. Àìsàn kan náà ló ń yọjú lọ́nà méjì. Ẹ sì wá wò ó: PLC tí wọ́n ní ẹ lọ rà kò sí lójú ọ̀nà ìpadà yìí mọ́, torí wáyà náà kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá ra tuntun, tí wọ́n sì so ó bí èyí tó wà níbẹ̀ yìí ṣe wà, sẹ́ńsọ̀ kẹrin náà á kú.

Ọ̀rọ̀ àárọ̀ tí ẹ sọ wá yàtọ̀, kò sì yẹ ká fi bo ti sẹ́ńsọ̀ mọ́lẹ̀. Epo pupa ni ẹ ń rọ. Ẹ mọ̀ ju èmi lọ pé epo máa ń dì lóru, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí èyí tó nípọn nínú rẹ̀ á rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àgbá. Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ láàárọ̀ lórí epo tó ti dì, píṣítìnì á máa fà á pẹ̀lú agbára, ẹnu tó ń tú epo jáde lè dí, ọ̀pá á sì dúró ní ìwọ̀nba díẹ̀ sí òpin. Sẹ́ńsọ̀ tó wà ní òpin kò ní rí i, torí kò tíì débẹ̀. Òtítọ́ ló ń sọ, àmọ́ òun ni wọ́n máa ń yọ dànù. Irú ìdádúró yìí, ẹ ó fojú rí i: ọ̀pá kò ní kan òpin, iná pupa kò sì ní tàn. Kí wọ́n mú epo lọ́ wọ́ọ́wọ́ kí wọ́n tó dà á sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fi omi gbígbóná nu ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Owó sẹ́ńsọ̀ kò sí nínú èyí.

Afẹ́fẹ́ náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ àárọ̀. Fáàfù irú tiyín kì í fi agbára kọ́ìlì nìkan yí: kọ́ìlì ń ṣí ihò kékeré kan, afẹ́fẹ́ tó gba ibẹ̀ wọlé ló ń ti irin tó ń sún nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú páìpù kò bá tíì tó nǹkan bíi 2 bar (bar ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), kọ́ìlì lè máa ró ká, ká, kí fáàfù má yí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó bá tan kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ á rí ẹ̀rọ tó ń bínú láàárọ̀ tó sì gbọ́ràn lọ́sàn-án. Kí wọ́n dúró dìgbà tí géèjì bá dé 6 bar kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Omi wá ń bẹ. Ní ìhà tiwa yìí, láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, afẹ́fẹ́ àsìkò òjò kún fún ọ̀rinrin. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná dé ìwọ̀n 30°C tí ó sì kún fún ọ̀rinrin tán, omi tó wà nínú mítà kúbíìkì kan rẹ̀ á tó gíráàmù 30. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń fún afẹ́fẹ́ dé 7 bar ń ki mítà kúbíìkì mẹ́jọ (méje tí géèjì kà, àti ẹyọ kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀) bọ inú ààyè ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn kò sì lè gbé ju gíráàmù 30 kan ṣoṣo lọ nígbà tó bá tutù padà. Gíráàmù 210 tó kù á di omi nínú àgbá, ìyẹn sì sún mọ́ ìdajì píọ̀ wọ́tà kan. Tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ àgbá lálaalẹ́ kí omi náà jáde, á bá afẹ́fẹ́ lọ sínú fáàfù, á fọ gíríìsì inú rẹ̀ dànù, á sì di ìpẹtà. Fọ́tò àkọ́kọ́ yín fi hàn pé ìgò fíltà tó wà lára ògiri kún fún omi pupa rúsúrúsú dé ìdajì. Omi yẹn ti ń kọjá lọ sínú ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ yín gba iṣẹ́ yìí, kí ó jẹ́ tirẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Oníṣẹ́ míì á ní kí ẹ máa da epo ẹ̀rọ sínú ìgò tó ń fi epo sínú afẹ́fẹ́ kí fáàfù lè máa yọ̀. Oúnjẹ ni ẹ ń tà, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára fáàfù yẹn ń fẹ́ sí àyíká ibi tí ẹnu ike ṣí sí. Tí fáàfù yín bá jẹ́ irú èyí tó ní gíríìsì tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ má fi epo sí i rárá. Bí ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú epo tẹ́lẹ̀, ó ti fọ gíríìsì yẹn lọ, kò ṣeé dáwọ́ dúró mọ́. Kí ẹ lo irú epo tí wọ́n ṣe fún ibi oúnjẹ.

Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó tún ra nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yín wo ẹ̀rọ náà ní ọ̀nà tí màá sọ yìí ní ọjọ́ tó bá tún dúró, kó má sì yára tẹ bọ́tìnnì ìtúnbẹ̀rẹ̀, torí bó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rí ti lọ. Kó kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀pá dúró sí. Lẹ́yìn náà, iná pupa ara sẹ́ńsọ̀: ṣé ó tàn àbí kò tàn, ṣé bó ṣe yẹ kó rí ní ibi tí ọ̀pá wà nìyẹn? Lẹ́yìn náà, iná orí píláàgì kọ́ìlì. Kó ṣọ́ra pẹ̀lú èyí, torí iná yẹn ń sọ pé iná dé ẹnu ọ̀nà ni, kò sọ pé kọ́ìlì ṣì wà láàyè. Kọ́ìlì tí wáyà inú rẹ̀ ti já, iná orí píláàgì rẹ̀ á ṣì tàn. Kó yọ píláàgì, kó fi mítà wọn kọ́ìlì náà: tiyín yẹ kó sún mọ́ 120 ohm. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, ó ti já nìyẹn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni bọ́tìnnì kékeré tó wà lára fáàfù fúnra rẹ̀, èyí tí a ń fi orí súkúdíráfà tẹ̀. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, àìmọye èèyàn ni kò sì mọ̀ pé ó wà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ọ̀pá sì lọ gaara, apá afẹ́fẹ́ dára: kọ̀mpírẹ́sọ̀, páìpù, fáàfù àti sílíńdà kò jẹ̀bi, iná ni kí ẹ máa wá. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò lọ, tí kì í sì í ṣe pé kọ́ìlì kejì ṣì gba iná tó sì di fáàfù mú, ẹ má yọ sẹ́ńsọ̀ kankan. Afẹ́fẹ́ kò tó, tàbí fáàfù ti há, tàbí epo dì níwájú rẹ̀. Títẹ̀ kan ṣoṣo pín ọ̀ràn náà sí méjì.

Mo ní láti bẹ̀ yín lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́. Inú sílíńdà yín fẹ̀ tó mílímítà 50. Ní 6 bar, agbára tó fi ń ti nǹkan súnmọ́ ẹrù 120 kìlógíráàmù, kò sì ní kìlọ̀ kó tó fò. Ẹni tó bá ń fi súkúdíráfà kan sẹ́ńsọ̀ tó lẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kejì wà ní ẹnu ibi tí ike ń dúró sí, bí irin bá yà báyìí, ọ̀pá á lọ. Pípa iná nìkan kò tó, torí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú sílíńdà, fáàfù oníkọ́ìlì méjì sì máa ń dúró síbi tó wà ni. Kí wọ́n ti afẹ́fẹ́ pa, kí wọ́n tú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ jáde, kí géèjì dé òdo, kí ọwọ́ tó wọlé. Ìgbà kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ bọ́tìnnì fáàfù tí mo sọ lókè, kí gbogbo èèyàn sì ti kúrò nítòsí ọ̀pá. Ẹ bá mi wo bọ́tìnnì pupa ìdádúró náà. Ẹsẹ̀ tó máa ń pa dé nígbà gbogbo tó sì máa ń ṣí nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni kí wọ́n so ó mọ́, kó lè jẹ́ pé bí wáyà rẹ̀ bá já, ẹ̀rọ á dúró fúnra rẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ní Àkúrẹ́ tí wọ́n fi wáyà so ojú méjèèjì bọ́tìnnì yìí pọ̀ torí pé ó ń "da iṣẹ́ láàmú". Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ọmọ ẹnikẹ́ni dúró tì.

Ó wá kan swíìṣì onítáyà tí wọ́n ní kí ẹ lò. Ìmọ̀ràn yẹn ní ọgbọ́n nínú. Swíìṣì tí ọ̀pá ń fara tẹ̀ ní irin tó nípọn nínú, ó lè gbé iná tó ju ti sẹ́ńsọ̀ yín lọ dáadáa, ojú sì ń rí ohun tó ń ṣe. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ní mítà kan lè dán an wò. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ pákó tàbí ibi tí wọ́n ti ń lọ irin, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ lọ́dọ̀ yín, epo ń ta sílẹ̀, omi gbígbóná ń dà sórí ẹ̀rọ lálẹ́, ẹ ó sì ní láti wá ààyè gbẹ́ ihò, kí ẹ ṣe irin tí á máa tẹ̀ ẹ́. Táyà rẹ̀ á jẹ, apá rẹ̀ á tẹ̀, bó bá sì yẹ̀ díẹ̀, ìdádúró míì ti dé. Tí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ lò ó, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ IP67 sí lára, ìyẹn èyí tí omi kò lè wọ̀ kódà bó bá rì sínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀nà kejì ni sẹ́ńsọ̀ onímágínẹ́ẹ̀tì tí kò ní irin tó ń pa dé nínú, tó jẹ́ oníwáyà mẹ́ta: búráùn, búlúù, dúdú. Kò sí ohun tó lè lẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ ju tiyín lọ. Ó wọ́n díẹ̀, kò sì gba àṣìṣe nídìí wáyà. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá PNP ni PLC yín ń gbà tàbí NPN kí ẹ tó rà á. PNP ń gbé 24 fólítì jáde bó bá rí nǹkan, NPN ń so ó mọ́ òdo. Ẹni tó bá ra èyí tí kò bá tirẹ̀ mu á rí i pé iná sẹ́ńsọ̀ ń tàn dáadáa, PLC kò sì gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á tún ní PLC ló bàjẹ́.

Ẹlòmíì lè wá sọ fún yín pé kí ẹ fi sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ irin dípò. Ó dára fún mímọ ibi tí irin wà, tí irin náà kò bá jìnnà ju mílímítà díẹ̀, àmọ́ kò lè rí ike, kò lè rí epo. Èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wò ló ń rí ike, epo pupa tó bá sì ta sí ojú rẹ̀ á fọ́ ọ lójú títí wọ́n á fi nù ún. Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò kẹrin yín, níbi tí ike ń gbà wọlé. Ojú rẹ̀ ti pupa. Aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ ló ń fẹ́.

Èmi, bó bá jẹ́ tèmi, sẹ́ńsọ̀ irú èyí tí ẹ ní yìí ni màá fi sílẹ̀, màá gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Kí wọ́n ra rílèè 24 fólítì kan tó bá ìdí tó ṣófo yẹn mu, kí sẹ́ńsọ̀ máa tan rílèè, kí rílèè máa tan kọ́ìlì. Rílèè kékeré bẹ́ẹ̀ ń fa bíi 40 mA, sẹ́ńsọ̀ á gbé e láìlàágùn, ẹsẹ̀ rílèè sì lè gbé 5 A tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n wá fi dáyóòdù kan (ohun kékeré tí iná ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kọjá nínú rẹ̀), 1N4007 tó wà lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó ń tún rédíò ṣe, sójú kọ́ìlì fáàfù, kí wọ́n sì fi òmíràn sójú kọ́ìlì rílèè. Òun ni á gba agbára tó ń fò jáde yẹn kó má bàa dé ara irin. Ìlà funfun tó wà lára dáyóòdù, apá ibi tí 24 fólítì ń gbà wọlé ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí wọ́n bá dè é sódì, yóò di pé iná ń kọjá tààrà láìsí ẹrù, sẹ́ńsọ̀ tàbí fíúsì á lọ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún sẹ́ńsọ̀ gbé sí ààyè rẹ̀: kí ọ̀pá wà ní òpin, kí wọ́n máa sún sẹ́ńsọ̀ títí iná á fi tàn, kí wọ́n fàmì sí ibẹ̀, kí wọ́n sún un títí tí á fi kú, kí wọ́n fàmì síbẹ̀ náà, kí wọ́n wá dè é sí àárín àmì méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ń dè é síbi tí iná ti kọ́kọ́ tàn, bí ẹ̀rọ bá sì gbọ̀n díẹ̀, ó ti yẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin míì tó ń ka èyí tí kọ́ìlì yín jẹ́ 220 fólítì, ti iná ìjọba tààrà, dáyóòdù kọ́ ni tiyín. Varistor tí wọ́n ṣe fún fólítì náà ni, ìyẹn ohun kékeré tó ń gba fólítì tó bá fò sókè mọ́ra. Ẹ sì mọ̀ pé irú kọ́ìlì yẹn kì í jóná nítorí fólítì gíga nìkan. Bí iná bá rẹlẹ̀ gan-an, tàbí bí ìpẹtà bá há irin inú rẹ̀ tí kò fi lè fà wọlé tán, iná ńlá tí kọ́ìlì ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní wálẹ̀, á máa gbóná títí á fi jó. Ti ìyá wa kò rí bẹ́ẹ̀. 24 fólítì ni wọ́n ń lò, àpótí tó ń pèsè rẹ̀ nínú fọ́tò kẹta sì gba láti 100 dé 240 fólítì, nítorí náà iná tó ń lọ sílẹ̀ ládùúgbò kọ́ ló ń ṣe ẹ̀rọ yìí.

Ìyá wa, ẹ má lé oníṣẹ́ yín lọ nítorí ohun tí mo kọ yìí. Ẹni tó lè mú ẹ̀rọ lọ nígbà tí rílèè kò sí ní ọjà, tó sì ń padà wá nígbà tí wọ́n bá pè é, ó ní ohun tó lè ṣe. Ẹ fi ìwé yìí hàn án, kó ka ìṣirò 200 mA yẹn fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ, fọ́tò ni mo fi rí i. Fọ́tò kò lè sọ fún mi bóyá rọ́bà inú fáàfù ti wú, tàbí bóyá wáyà sẹ́ńsọ̀ ti já nínú rọ́bà rẹ̀ níbi tó ti ń tẹ̀ tó ń nà. Mi ò sì lè rí ètò tí wọ́n kọ sínú PLC. Tí rílèè àti dáyóòdù bá ti wọlé, tí wọ́n ti tú omi, tí epo lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí ọ̀pá sì tún dúró, ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan: ibi tí ọ̀pá dúró sí, iná sẹ́ńsọ̀, iná orí kọ́ìlì, àti iye tí géèjì kà. Ẹ fi iná orí PLC ní ọ̀kánkán sẹ́ńsọ̀ náà kún un bó bá ti padà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ wò ó.